Ìpolongo àrùn Alzheimer lóṣù Kẹsàn-án: kí ló yẹ ká sọ fáráàlú gan-an?

Àdùkẹ́ Mọ́kọ́lá

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹgbẹ́ wa, àwa tá a jọ ṣe girama n'Íbàdàn, fẹ́ ṣe nǹkan kan lọ́jọ́ 21 oṣù Kẹsàn-án, ọjọ́ tí gbogbo ayé yà sọ́tọ̀ fún àrùn Alzheimer, àìsàn ọpọlọ tó máa ń mú kí àgbàlagbà máa gbàgbé nǹkan. Àwọn ìgbìmọ̀ ti fẹnu kò pé ká gba gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì, ká ra ànkárá aláwọ̀ elésè-àlùkò, kí dókítà kan wá fi Gẹ̀ẹ́sì sọ̀rọ̀. Mo ní rárá. Ta ló máa wà ní gbọ̀ngàn yẹn? Àwa náà ni. A ó ya fọ́tò, a ó jẹ jọ̀lọ́ọ̀fù, a ó máa lọ sílé. Ìyá tó ń ṣarán ní Bẹẹrẹ ò ní sí níbẹ̀, ọmọ tó ń tọ́jú ẹ̀ ò sì ní ráyè wá.

Wọ́n wá ní kí n mú àbá tèmi wá. Mo ti bá wa gba ìṣẹ́jú díẹ̀ lórí rédíò, a sì lè tẹ ìwé pélébé lédè Yorùbá, ojú ewé kan péré. Kí ló yẹ kó wà níbẹ̀? Ẹni tó bá ti fojú rí i ni mo fẹ́ gbọ́ tiẹ̀ jù.

Nọ́ọ̀sì Fẹ̀yìntì

Àdùkẹ́ ọmọ mi, o ṣeun. Ohun tí màá kọ́kọ́ kọ síbẹ̀ ni pé àìsàn ni. Kì í ṣe èpè, kì í ṣe pé ìyá yẹn ti ṣe nǹkan kan lóru, kì í sì í ṣe ọjọ́ ogbó lásán, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àgbàlagbà ló ń mú jù.

Dókítà ará Jámánì kan, Alois Alzheimer, ló kọ́kọ́ ṣàlàyé ẹ̀ fáwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ lọ́dún 1906. Obìnrin tó tọ́jú, Auguste Deter, kò ju ẹni ọdún 51 lọ nígbà tí wọ́n gbé e wá sílé ìwòsàn ní Frankfurt lọ́dún 1901. Ó ń fura sí ọkọ ẹ̀, ó ń gbé nǹkan pa mọ́. Nígbà tí wọ́n bi í lórúkọ ọkọ ẹ̀, orúkọ ara ẹ̀ ló dá wọn lóhùn. Nígbà tó kú, dókítà yẹ ọpọlọ ẹ̀ wò: ọpọlọ ti sún kì, nǹkan bí ìdọ̀tí ti ṣù jọ sáàárín àwọn sẹ́ẹ̀lì, fọ́nrán tín-ín-rín tó lọ́ mọ́ra wọn sì ti kún inú sẹ́ẹ̀lì fúnra ẹ̀. Ohun kan náà ni wọ́n ṣì ń rí títí dòní. Ó sì ti máa ń bẹ̀rẹ̀ nínú ọpọlọ lọ́pọ̀ ọdún kí ará ilé tó fura.

Lára ibi tó kọ́kọ́ ń bà jẹ́ ni ibi tí ohun tuntun ń gbà wọlé. Ìdí nìyẹn tí màmá á fi ki oríkì baba-ńlá yín láìṣì sílébù kan, tí kò sì ní rántí pé òun ti jẹun àárọ̀. Àwọn èèyàn á wá ní ó ń díbọ́n. Kò díbọ́n o.

Tóbi Ìsàlẹ̀ Èkó

Ẹ má bínú mà, ṣé gbogbo arúgbó kọ́ ló ń gbàgbé ni? Bàbá wa àgbà máa ń pe orúkọ gbogbo ọmọ ilé kó tó kan tèmi 😂 Ṣé ká gbé wọn lọ sí UCH ni?

Nọ́ọ̀sì Fẹ̀yìntì

Tóbi, jẹ́ kí bàbá máa pe gbogbo yín. Tó bá ṣáà ti kan tìẹ níkẹyìn, kò sí wàhálà níbẹ̀.

Ohun tá à ń sọ yàtọ̀. Ìyá tó ti ń ta ẹ̀lùbọ́ láti bí ọgbọ̀n ọdún, tí kò wá mọ bó ṣe máa fún oníbàárà ní ṣéńjì mọ́. Bàbá tó ṣìnà láti mọ́ṣáláṣí tó ń lọ lójoojúmọ́. Ẹni tó gbé ìkòkò kaná láìbu omi sí i, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹni tó bi ọ́ ní ìbéèrè, o dáhùn, kó o tó jókòó ó tún ti bi ọ́. Ẹni tó gbé owó pa mọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí, tó wá ń pariwo olè. Tó bá ti ń le sí i láti oṣù dé oṣù, tó ti ń dí iṣẹ́ òòjọ́ lọ́wọ́, ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò.

Ìyá Káfáyà

Ẹni tó gbé owó pa mọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí... Nọ́ọ̀sì, ṣé ilé wa lẹ ń gbé ni?

Ìyá ọkọ mi ni. Ìlẹ̀kẹ̀ iyùn ló kọ́kọ́ sọ nù, wọ́n ní èmi ni mo jí i. Wọ́n pe ìpàdé ẹbí. Àwọn àbúrò ọkọ mi obìnrin ti Ìlọrin wá, ti Èkó wá, wọ́n tú yàrá mi. Inú àgbá gàrí la ti wá rí iyùn nígbà tó yá. Kò sí ẹni tó ní kí n má bínú.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ti ìrọ̀lẹ́. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, wọ́n á di ẹrù, wọ́n á ní àwọn ń lọ sílé. Ilé wọn tí wọ́n fowó ara wọn kọ́ la wà o! Ilé bàbá wọn ní Ṣakí ni wọ́n ń sọ, níbi tí wọ́n ti ṣe ọmọdé. Níbẹ̀rẹ̀, mo máa ń bá wọn jiyàn: "Mọ̀mí, ilé yín rèé." Ńṣe ni inú á túbọ̀ máa bí wọn. Nígbà tó yá, mo kọ́gbọ́n. Màá ní, "Ẹ jẹ́ ká jẹun ká tó lọ." Wọ́n á jẹun, ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n lóru ọjọ́ kan, wọ́n ṣílẹ̀kùn, wọ́n jáde, ìró nìkan ló wà lára wọn. Àdúgbò kejì ni wọ́n ti rí wọn, wọ́n jókòó síwájú ilé onílé. Kí a tó débẹ̀, àwọn ọmọkùnrin ti pé jọ, wọ́n ní ẹyẹ kan ló já bọ́ látòkè tó di èèyàn. Ẹ mọ irú fídíò bẹ́ẹ̀, gbogbo wa la ti rí i lórí fóònù. Òkúta ti wà lọ́wọ́ àwọn kan. Ọlọ́kadà kan tó máa ń gbé wọn lọ sọ́jà ló dá wọn mọ̀, òun ló dúró síwájú wọn títí a fi dé.

Àdùkẹ́, ẹ má wulẹ̀ kọ gbogbo èyí tó kù tẹ́ ẹ bá máa fo ìyẹn. Kì í ṣe àwa tá à ń tọ́jú wọn lẹ fẹ́ la lóye, a ti mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣe wọn. Àwọn tó wà ní títì ni kẹ́ ẹ bá sọ̀rọ̀.

Àdùkẹ́ Mọ́kọ́lá

Ìyá Káfáyà, ẹ kú ìfaradà. Ara mi bù máṣọ. Ṣé ẹ ti wá sọ fáwọn ará àdúgbò báyìí?

Ìyá Káfáyà

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo bẹ̀rẹ̀. Oníàkàrà, gáréèjì àwọn ọlọ́kadà, lèmọ́ọ̀mù, àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù. Àwọn àbúrò ọkọ mi ní mò ń tú àṣírí ìyá wọn. Mo ní àṣírí tá a bò yẹn ló fẹ́ pa wọ́n. Mo fi abẹ́rẹ́ kọ nọ́ńbà fóònù sétí gbogbo ìró wọn. Nísinsìnyí, tí wọ́n bá jáde, fóònù mi á dún kí wọ́n tó dé oríta.

Akin Peckham

Ẹ kú ọ̀rọ̀ yìí o. Ẹ má rò pé ìlú òyìnbó yàtọ̀. Lọ́ńdọ̀nù níbí, ìdílé wa ò jẹ́ kí ṣọ́ọ̀ṣì mọ̀. Wọ́n ní mọ̀mí "ń sinmi".

Ohun tí èmi fẹ́ fi kún un ni ti èdè. Mọ̀mí ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì níbí láti ayébáyé, iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni wọ́n tilẹ̀ fi fẹ̀yìn tì. Nígbà tí àìsàn yìí dé, Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́kọ́ ń sá lọ, Yorùbá Ìjẹ̀bú pọ́ńbélé ló kù. Dókítà wá ń fi Gẹ̀ẹ́sì bi wọ́n ní ọjọ́ àti ọdún, wọ́n kàn ń rẹ́rìn-ín músẹ́ ni. Èèyàn á rò pé kò sí nǹkan kan nínú orí mọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbí, ẹ béèrè ògbufọ̀, ilé ìwòsàn ìjọba ló ń sanwó ẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ ṣe ògbufọ̀ fún ìyá ẹ̀, torí ọmọ á máa tún ìdáhùn ṣe kí ojú má ti ìyá ẹ̀. Èmi náà fẹ́ẹ̀ ṣe é.

Tóbi Ìsàlẹ̀ Èkó

Bọ̀dá Akin, mo gbọ́ pé oògùn tuntun ti dé. Ṣé òótọ́ ni pé ó ń wò ó sàn?

Akin Peckham

Rárá o, Tóbi. Kò tíì sí èyí tó ń wò ó sàn. Méjì ló lókìkí, lecanemab àti donanemab. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí èkíní pátápátá lọ́dún 2023, èkejì lọ́dún 2024. Inú iṣan ni wọ́n ń fà á sí, ẹni tí tiẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nìkan ló wà fún, ó sì ń dín eré àìsàn náà kù díẹ̀ ni, kì í dá a dúró. Ó lè mú kí ọpọlọ wú tàbí kó ṣẹ̀jẹ̀, nítorí náà ẹni tó bá ń gbà á á máa ya àwòrán ọpọlọ lemọ́lemọ́. Nígbà tí NICE, àjọ tó ń sọ oògùn tó yẹ kí ilé ìwòsàn ìjọba máa lò, yẹ̀ ẹ́ wò níbí lọ́dún 2025, wọ́n ní owó ẹ̀ pọ̀ ju àǹfààní ẹ̀ lọ.

Èyí tí mọ̀mí ń lò ni donepezil, oníhóró, ó ti wà tipẹ́. Ó ràn wọ́n lọ́wọ́ fúngbà díẹ̀. Àwọn mìíràn lò ó, wọn ò rí ìyàtọ̀ kankan.

Ọmọ Ìdíkàn

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ Frankfurt àti Lọ́ńdọ̀nù, ẹ gbàgbé Ìdíkàn n'Íbàdàn! Lọ́dún 1992 làwọn dókítà Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Indiana l'Ámẹ́ríkà ti jọ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣèwádìí àrùn yìí. Olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣúntókun wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀, Hugh Hendrie ló ṣáájú lápá ọ̀hún. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ògúnníyì, Gureje àti Baiyewu wà nínú ẹ̀. Wọ́n ń wọlé tọ àwọn tó ti pé ọdún 65 sókè lọ láti ojúlé dé ojúlé ní Ìdíkàn, wọ́n sì ń fi wọ́n wé àwọn Adúláwọ̀ tó ń gbé ní Indianapolis.

Ẹ wo bó ṣe gba ọgbọ́n tó. Ọ̀pọ̀ àwọn àgbà wa ò mọ ọdún tí wọ́n bí wọn, ìṣẹ̀lẹ̀ inú ìtàn ni wọ́n fi ń ṣírò ọjọ́ orí. Ọ̀pọ̀ ò kàwé, wọ́n wá ṣe àyẹ̀wò tí kò ní kèèyàn mọ̀wé, èyí tí wọ́n ń fi Yorùbá béèrè. Wọ́n á sì tún bi ará ilé pé: báwo ni màmá ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀, kí ló yí padà?

Èsì tó jáde lọ́dún 2001 ya ayé lẹ́nu. Nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà n'Íbàdàn, 1.35 ni àrùn ìgbàgbé (Alzheimer àtàwọn tó jọ ọ́) ń mú lọ́dún kan. Ní Indianapolis, 3.24 ni. Àbùdá kan tí wọ́n ń pè ní APOE ε4, tó máa ń fi kún ewu àìsàn yìí lára òyìnbó, kò fi agbára bẹ́ẹ̀ hàn lára àwọn ará Ìdíkàn. Àwọn ìyá àti bàbá wa ló jókòó dáhùn ìbéèrè kí ayé tó mọ èyí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ lórí rédíò.

Ọ̀gbẹ́ni Àṣàlà

Ẹ ò rí nǹkan! Ẹ̀yin gan-an lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́. Àrùn òyìnbó ni. Àwọn bàbá wa ní ìsọ̀yè, ọmọ awo á jẹ ẹ́, á rántí gbogbo ẹsẹ Ifá. Ká fi oògùn ìbílẹ̀ tọ́jú àwọn arúgbó wa, ká yéé bẹ̀rù ohun tí kì í ṣe tiwa.

Ọmọ Ìdíkàn

Ẹ̀gbọ́n, 1.35 kì í ṣe òdo. Nínú ẹgbẹ̀rún arúgbó, bíi mẹ́tàlá tàbí mẹ́rìnlá lọ́dún kan ṣoṣo, ọdún tó ń bọ̀ á tún mú tiẹ̀ wá. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní mílíọ̀nù 57 èèyàn ló ní àrùn ìgbàgbé lọ́dún 2021, ti Alzheimer ló sì pọ̀ jù nínú ẹ̀. Ju ìdajì wọn lọ ló wà láwọn orílẹ̀-èdè tí kò fi bẹ́ẹ̀ lówó. Àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò ní Ìdíkàn nígbà yẹn ń fẹsẹ̀ rìn, wọ́n ń jẹ àmàlà àti ẹ̀fọ́. Àwa ńkọ́? Mọ́tò, búrẹ́dì, mínírà, ẹ̀jẹ̀ ríru.

Ní ti ìsọ̀yè, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ẹni tí ọpọlọ ẹ̀ pé tó fẹ́ kọ́ ẹsẹ Ifá ni wọ́n ń ṣe é fún. Pé ó lè tún ọpọlọ tó ti bà jẹ́ ṣe, kò sẹ́ni tó tíì fi àyẹ̀wò hàn. Ẹ sì ṣọ́ra kẹ́ ẹ má lọ pò ó pọ̀ mọ́ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí màmá ń lò.

Ọ̀gbẹ́ni Àṣàlà

Mo ti gbọ́. Ẹ ṣáà má fi àṣà wa wọ́lẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Fẹ̀yìntì

Kò sẹ́ni tó fi wọ́lẹ̀, ọ̀gbẹ́ni.

Àdùkẹ́, ọ̀rọ̀ tí Ọmọ Ìdíkàn fẹnu bà yẹn ṣe pàtàkì. Àwọn onímọ̀ tí ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet kó jọ sọ lọ́dún 2024 pé ohun mẹ́rìnlá ló wà tó jẹ́ pé tá a bá ká gbogbo ẹ̀ lọ́wọ́ kò, a lè dènà tàbí sún síwájú bíi 45% àrùn ìgbàgbé lágbàáyé. Má to mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá síwèé o, kò sẹ́ni tó máa kà á. Tèmi ni kẹ́ ẹ pariwo ẹ̀jẹ̀ ríru, pàápàá fáwọn tó wà láàárín ogójì sí ọgọ́ta ọdún, torí ìgbà yẹn ló ń ba nǹkan jẹ́. Kẹ́ ẹ sì pariwo etí. Arúgbó tí kò gbọ́ràn mọ́ á dákẹ́, kò ní dá sọ́rọ̀ mọ́, ọpọlọ ẹ̀ náà á di aláìríṣẹ́ṣe. Àwọn ará ilé á sì máa fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Olùṣọ́ Àgùntàn Ìkirè

Àlàáfíà fún gbogbo yín. Mò ń ka ọ̀rọ̀ yìí pẹ̀lú ìrònú, torí wọ́n máa ń gbé irú àwọn ìyá bẹ́ẹ̀ wá bá wa fún ìdáǹdè. Àwọn ẹbí á ní kí màmá gbààwẹ̀, àwọn mìíràn tilẹ̀ ń fẹ́ kí wọ́n jẹ́wọ́. Tí wọ́n bá tún gbé ẹnì kan wá lọ́la, kí ni mo máa ṣe? Mi ò lè ní mi ò gbàdúrà.

Nọ́ọ̀sì Fẹ̀yìntì

Pásítọ̀, ẹ gbàdúrà. Lẹ́yìn náà, ẹ bi wọ́n pé: ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?

Tí wọ́n bá ní láti bí ọjọ́ mẹ́ta ni, pé ara màmá yá dáadáa ṣáájú ìgbà yẹn, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀! Èyí kì í sábà jẹ́ Alzheimer. Ó lè jẹ́ ibà, ó lè jẹ́ àkóràn inú ìtọ̀, ó lè jẹ́ oògùn tí wọ́n ṣì lò, ó lè jẹ́ pé wọ́n ṣubú tí ẹ̀jẹ̀ ń dà sínú agbárí. Tó bá ti pẹ́ díẹ̀ náà, dókítà ṣì gbọ́dọ̀ yẹ̀ wọ́n wò, torí àìtó fítámì B12, àìsàn ẹṣẹ́ tó wà lọ́rùn (thyroid), àti ìbànújẹ́ tó wọ̀ wọ́n lára lẹ́yìn ikú ọkọ lè fara jọ ọ́. Àwọn wọ̀nyí ní ìtọ́jú. Mo ti rí ẹni tí wọ́n ti ń pè ní wèrè, tó jẹ́ àkóràn inú ìtọ̀ ló ń ṣe é.

Ṣùgbọ́n ààwẹ̀, rárá. Arúgbó tí kò jẹ tí kò mu, ọpọlọ ẹ̀ á túbọ̀ dàrú láàárín ọjọ́ kan. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dè wọ́n mọ́lẹ̀. Ní ti ìjẹ́wọ́, ẹni tí àìsàn yìí ń ṣe á jẹ́wọ́ ohunkóhun tẹ́ ẹ bá bi í léraléra, àní ohun tí kò ṣe rí.

Olùṣọ́ Àgùntàn Ìkirè

Ó yé mi. Ẹ jẹ́ kí ìwé yẹn dé ọ̀dọ̀ wa. Màá kà á lórí pẹpẹ, màá sì fún àwọn tó wà nílé àdúrà ní tiwọn.

Ìyá Káfáyà

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù tí ẹnikẹ́ni ò tíì sọ. Ilẹ̀. Wọ́n ti ń gbé ìwé wá fún ìyá ọkọ mi láti tẹ̀ka. Mo lé wọn jáde. Ẹ sọ fáwọn èèyàn pé kí wọ́n jókòó yanjú ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti báńkì ní kété tí dókítà bá ti sọ ọ́, nígbà tí ẹni náà ṣì lè sọ ohun tó fẹ́, níwájú gbogbo ọmọ, pẹ̀lú lọ́yà.

Akin Peckham

Ìyá Káfáyà, ẹ ti sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Níbí náà, tó bá ti pẹ́ jù, kóòtù ni ẹ máa lọ, owó àti àsìkò rẹpẹtẹ ló ń jẹ.

Àdùkẹ́ Mọ́kọ́lá

Ẹ ṣé gan-an. Mo ti pa tòtẹ́ẹ̀lì tì, ìgbìmọ̀ kùn, wọ́n sì gbà. Ohun tí mo kọ rèé, ẹ bá mi gé e:

*"Tẹ́ ẹ bá rí àgbàlagbà tó ń rìn kiri tí kò mọ ibi tó ń lọ, ẹ má sọ ọ́ lókò, ẹ má yà á ní fídíò. Kì í ṣe àjẹ́, kì í ṣe ẹyẹ. Ó lè jẹ́ àrùn ìgbàgbé ló ń ṣe é, ó sì ní ọmọ tó ń wá a. Ẹ kí i jẹ́ẹ́jẹ́, ẹ fún un lómi, ẹ bi í lórúkọ ọmọ ẹ̀, ẹ wo etí aṣọ ẹ̀ bóyá nọ́ńbà wà níbẹ̀. Tó bá jẹ́ nílé yín ni, ẹ sọ fún àwọn aládùúgbò. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn, torí nígbà mìíràn ohun tó ní ìtọ́jú ló ń ṣe é. Tí ìyàtọ̀ bá dé lójijì, ẹ má dúró di ọ̀la. Ẹ má fi ààwẹ̀ jẹ ẹ́ níyà. Ẹ̀yin tẹ́ ò tíì darúgbó, ẹ lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yín."*

Ti Ìdíkàn á wà lórí rédíò, kò gba ojú ewé mọ́. Nísàlẹ̀, màá kọ ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn àgbàlagbà ní UCH sí i.

Tóbi Ìsàlẹ̀ Èkó

Ó dáa gan-an mà. Ẹ bá mi fi ránṣẹ́ bí ohùn lórí WhatsApp, màmá mi ò lè ka àmì orí ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn.

Ìyá Káfáyà

"Ilé ìwòsàn" nìkan kò tó, àwọn tó wà lábúlé ò lè dé UCH. Ẹ kọ ọ́ pé kí wọ́n kọ́kọ́ lọ sí ilé ìlera tó wà ní wọ́ọ̀dù wọn. Tẹ́ ẹ bá sì ń bọ̀ lọ́jà, ẹ gbé ẹ̀rọ ìwọn-ẹ̀jẹ̀-ríru dání. Tí ẹ bá gbé ìwé nìkan dání, kò sí ìyálọ́jà tó máa dúró gbọ́ yín.

Àdùkẹ́ Mọ́kọ́lá

Mo ti fi ti wọ́ọ̀dù sí i. Nọ́ọ̀sì, ṣé ẹ lè bá wa dé Ọjà Ọba lọ́jọ́ náà?

Nọ́ọ̀sì Fẹ̀yìntì

Mò ń bọ̀. Ẹ jẹ́ ká débẹ̀ láago méje àárọ̀, kí wọ́n tó pàtẹ tán. Àga méjì ni mo nílò, kí ẹni tá a fẹ́ wọn ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ lè kọ́kọ́ jókòó sinmi. Bátìrì ẹ̀rọ mi ti kú, ẹ bá mi ra mẹ́rin.